Bí A Ṣe Ń Fi Aṣọ Wé Ọmọ Tuntun Nínú Ooru Èkó: Apá Ni Kó Fún, Ẹsẹ̀ Ni Kó Dẹ̀

Mo máa ń bá àwọn ìyá ìkókó wẹ ọmọ ládùúgbò wa ní Èbúté Mẹ́ta. Àwọn mìíràn a sì máa pè mí dé Ṣómólú àti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ohun kan náà ni mo máa ń bá nílé wọn. Wọ́n á ti fi ṣọ́ọ̀lù wé ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á nà gbọnrangandan nínú aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á ti já síta, á máa fi èékánná ha ara rẹ̀ lójú, á sì máa ké. Ìyá rẹ̀ á ní, "Màmá, mo wé e o, kò dúró. Ọmọ yìí ò fẹ́ kí wọ́n wé òun."

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé ọmọ ò fẹ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n dì pinpin, apá ni wọ́n jẹ́ kó dẹ̀. Apá sì ló ń jí ọmọ. Bí ọmọ tuntun bá ń sùn, ara rẹ̀ a máa ta gìrì lójijì: ọwọ́ méjèèjì á ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìgbà tí ẹni tó fẹ́ ṣubú ń wá nǹkan dì mú, á tún kó wọn bọ̀ wá sáyà, igbe á sì tẹ̀ lé e. Gbogbo ọmọ ló ń ṣe é, kò sì ní tó oṣù mẹ́fà tí yóò fi lọ fúnra rẹ̀. Àìsàn gìrì yàtọ̀ sí èyí. Nínú tìyẹn, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ á máa já léraléra, ẹ á fi ọwọ́ dì í mú, síbẹ̀ kò ní dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta: ọ̀kan lára ọmọ, ọ̀kan lórí okùn, ọ̀kan ní ìpamọ́ fún òru tó bá tọ̀ sí ti ara rẹ̀. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje tí òjò kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ, ẹ fi ọ̀kan sí i.

Bí ẹ bá dé ọjà Balógun tàbí Tejúoṣó, ṣọ́ọ̀lù onírun tó wú múkẹ́múkẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ nà sí yín. Ó rẹwà lóòótọ́, ó sì dára fún gbígbé ọmọ jáde lọ́jọ́ ìkómọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ oorun ní Èkó. Ẹ bèèrè muslin, ìyẹn aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tàbí aṣọ òwú mìíràn tó rọ̀. Èyí tó dáa jù lójú tèmi ni kí ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta aṣọ ní yáàdì, kí ẹ ra yáàdì kan àti kọ́tà nínú aṣọ òwú tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 45. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dọ́gba, á tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 114 níhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí télọ̀ ká etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀lù kékeré ló ń tú. Bí aṣọ kò bá tó mítà kan níhà kọ̀ọ̀kan, kò ní yí ọmọ ká débi tí yóò fi dúró.

Ọ̀nà méjì ni ẹ lè fi dán aṣọ wò. Ẹ gbé e bo ẹnu àti imú tiyín, kí ẹ mí. Bí èémí bá ń há yín mọ́ inú rẹ̀, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá délé, ẹ fa òwú kan yọ létí rẹ̀, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú gidi á jó bíi bébà, á sì di eérú tí ẹ lè fi ìka fọ́. Bó bá yọ́, tó di kóró dúdú líle, rọ́bà ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ooru á há mọ́ ọmọ lára.

Ẹ fọ aṣọ tuntun kí ó tó kan ọmọ, nítorí sítáàṣì tó wà lára rẹ̀. Aṣọ tí ẹ sá síta, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ lójú àti lẹ́yìn, nítorí eṣinṣin kan wà tó máa ń yé ẹyin sára aṣọ tútù lórí okùn, ìdin rẹ̀ a sì wọ inú awọ ara.

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Tí wọ́n bá fún yín ní aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ọmọ tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín lò, tó ti wà nínú àpótí pẹ̀lú kánfọ̀, kóró funfun tí a fi ń lé aáyán, ẹ má fi wé ọmọ o. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà G6PD tó. Èéfín kánfọ̀ yẹn lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kí ó sì kan ọpọlọ. Ẹ kò lè fojú mọ ọmọ tí kò ní in, nítorí náà ẹ má fi èyíkéyìí dán an wò. Bí kánfọ̀ bá ti kan aṣọ, ẹ fi sílẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Róòbù àti ohunkóhun tó bá ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù, ẹ má fi kan ọmọ tuntun bákan náà.

Ohun tó kù: ìlédìí tàbí pámpáàsì, tẹmómítà, ibùsùn tó le tí kò rì, àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

Ọmọ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ wé

Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná. Ọmọ tó bá máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà pẹ̀lú yín. Yàrá kan ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí a dì lápá kò lè ti aṣọ tàbí ara àgbàlagbà kúrò ní imú rẹ̀. Ẹ tẹ́ ibùsùn tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tàbí kí ẹ má wé e. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tàbí tó kéré jọjọ, ohun tí nọ́ọ̀sì bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé; àyà ìyá, ara kan ara, ló sábà máa ń dáa jù fún un. Ọmọ tó bá ti ń gbìyànjú láti yí ara padà náà, ẹ má wé e mọ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ tọ́jú ọmọ kí ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ

Ẹ fún un lọ́mú, kí ẹ gbé e lé èjìká títí yóò fi gùnfẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ ìlédìí. Bí ìwọ́ kò bá tíì já, ẹ ká etí pámpáàsì sísàlẹ̀ kí ó má bo ìwọ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ wo awọ ara rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Ọmọ tí a ń wé tọ̀sán tòru, ara rẹ̀ lè pọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ẹ fi ìka tẹ iwájú orí rẹ̀ àti àyà rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ yọ ìka. Bí ojú ibẹ̀ bá pọ́n bí epo tó dà sórí aṣọ funfun, tàbí tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe oòrùn àárọ̀, kì í sì í ṣe omi gúlúkóòsì.

Ohun tí yóò wà nínú aṣọ náà: lọ́sàn-án, pámpáàsì nìkan tó, lálẹ́, síńgílẹ́ẹ̀tì kan. Àárọ̀ ọyẹ́ nìkan ni mo máa ń wọ alápá gígùn fún ọmọ kí n tó wé e. Fìlà kò sí nínú oorun. Orí wà lára ibi tí ọmọ ń gbà tú ooru jáde jù; bí a bá dé e ní fìlà, tí a tún wé ara rẹ̀, ooru á há mọ́ ọn lára.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ tẹ́ aṣọ ní igun

Ẹ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí igun kan kọjú sókè, kí ọ̀kan kọjú sí yín. Ẹ ṣẹ́ igun òkè wá sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n gígùn àtẹ́lẹwọ́ yín kan. Ẹ gbé ọmọ lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́dọ̀ yín, kí èjìká rẹ̀ bá ibi tí ẹ ti ṣẹ́ aṣọ dọ́gba.

Ibí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń wọlé. Wọ́n á gbé orí ọmọ lé àárín aṣọ, etí aṣọ á wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti jàgùdù díẹ̀, aṣọ ti bo ẹnu. Bákan náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kò gbọ́dọ̀ kan aṣọ rárá, nítorí ohun tó bá kan án lẹ́rẹ̀kẹ́, ọmú ló máa rò pé ó jẹ́. Á máa yíjú sí i, á máa la ẹnu, ẹ á ní kò fẹ́ sùn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ọrùn rẹ̀ wà lókè etí aṣọ, èjìká wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Apá kan, lẹ́yìn náà apá kejì

Ẹ fi ọwọ́ kan di apá ọ̀tún ọmọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Kí ìgúnpá tẹ̀ díẹ̀. Ẹ má nà án bíi sójà. Ẹ mú aṣọ tó wà lápá ọ̀tún yẹn, ẹ fà á gba orí àyà rẹ̀, gba abẹ́ abíyá òsì, kí ẹ gbé ọmọ sókè díẹ̀, kí ẹ sì ki etí aṣọ sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Apá òsì ṣì wà níta. Ìwúwo ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń di aṣọ yẹn mú. Kò sí kókó, kò sí pín-ìnnì. Pín-ìnnì a máa ṣí lóru, kókó a sì máa gún un.

Ó yá, ẹ di apá òsì náà mọ́ ẹ̀gbẹ́, ẹ mú aṣọ apá òsì, ẹ fà á kọjá lórí àyà, kí ẹ yí i lọ sẹ́yìn lápá ọ̀tún títí yóò fi tán. Bí ẹ ti ń fà á, ọwọ́ yín kejì ni kó tẹ̀ lé aṣọ, kó máa tẹ́ ẹ mọ́ ara ọmọ. Àwọn tí aṣọ wọn máa ń tú, fífà nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọn kì í fi ọwọ́ tẹ̀ lé e, ibi tó bá wú sílẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ á gbà jáde.

Ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹnu kó tó balẹ̀. Fún irú wọn, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì wà lórí àyà, kí ẹ sì wé e bákan náà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ki ìka méjì, ìfábẹ̀lá àti ti àárín, sáàárín aṣọ àti àyà ọmọ. Kí wọ́n wọlé pẹrẹsẹ láìfi agbára. Bí wọn kò bá wọlé, ó ti fún jù, àyà rẹ̀ kò ní ráàyè wú bó bá ń mí. Bí gbogbo ọwọ́ yín bá wọlé, ó ti dẹ̀ jù, ẹ tú u, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Ẹ má ṣe fi ọ̀já dè é lókè láti tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹsẹ̀

Igun ìsàlẹ̀ ló kù. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ ká orúnkún rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Ẹ wá gbé igun náà sókè, kí ẹ ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sì ki í sábẹ́ ọmọ, kí inú rẹ̀ wú bí àpò tí nǹkan kò kún.

Mo ti bá àwọn ìyá àgbà jiyàn lórí èyí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n á ní bí a kò bá na ẹsẹ̀ ọmọ kí a sì dì í, ẹsẹ̀ á wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ tuntun tẹ̀ wá láti inú ìyá rẹ̀ ni, á sì nà fúnra rẹ̀ bó bá ń dàgbà. Ohun tó léwu ni nínà án tipátipá. Ihò tí orí egungun itan jókòó sí ní ìbàdí ṣì rọ̀, kò tíì di egungun tán. Bí a bá na ẹsẹ̀ méjèèjì tí a sì so wọ́n pọ̀ lójoojúmọ́, orí egungun náà lè yẹ̀ kúrò nínú ihò rẹ̀, kí ọmọ máa tiro nígbà tó bá rìn. Bí ọmọ ṣe máa ń la ẹsẹ̀ yí ìyá rẹ̀ ká bí a bá pọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ìbàdí rẹ̀ ṣe fẹ́ wà. Pípọ̀n náà ní àsìkò tiẹ̀, ó di ìgbà tí ọrùn bá le.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé ọwọ́ lé orí aṣọ lápá ìsàlẹ̀, kí ẹ wo ọmọ fún ìṣẹ́jú kan. Kí ẹ máa rí orúnkún tó ń ta aṣọ sókè, tó sì ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Bí apá ìsàlẹ̀ bá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìdì ẹ̀kọ, ẹ tú ibẹ̀ nìkan, apá lè wà bó ṣe wà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ̀yìn, ẹ̀yìn nìkan

Ọmọ tí a wé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a fi ń tẹ́ ẹ. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe ìdojúbolẹ̀, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ó bá dojú délẹ̀, kò ní ọwọ́ tí yóò fi ti ara rẹ̀ sókè. Kò sí ìrọ̀rí, kò sí ṣọ́ọ̀lù kejì lórí, kò sí bèbí olówùú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nẹ́ẹ̀tì wà lókè, kí etí rẹ̀ há sábẹ́ fómù, kí ó má sún mọ́ ojú ọmọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ooru, tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé

Oṣù kẹta ni mo bí àkọ́bí mi, inú ooru gan-an. Àwọn àgbà tó wà nílé wé e ní aṣọ mẹ́ta nítorí kí otútù má mú un, èmi náà ò lè sọ̀rọ̀, ọmọdé ni mí nígbà yẹn. Lóru, mo jí, fáànù ti dúró, wọ́n ti mú iná lọ, n kò mọ ìgbà. Mo na ọwọ́ sí ọmọ, aṣọ rẹ̀ ti rin ṣìnkìn, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí. Kò ké. Ó kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ, ètè rẹ̀ pupa. Àìkéé rẹ̀ yẹn ló já mi láyà jù. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nù ún, mo gbé e sí ojú fèrèsé, mo fi ọmú sí i lẹ́nu. Ara rẹ̀ wálẹ̀, Ọlọ́run ṣeun. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbà kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ méjì wé ọmọ níwájú mi.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ wé e, ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan ìpàkọ́ rẹ̀ àti àárín àyà rẹ̀. Kí ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó sì gbẹ. Ẹ má fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ìyẹn sábà máa ń tutù lára ọmọ tuntun tí kò sì ní nǹkan kan ṣe. Bí ìpàkọ́ bá ń làágùn, ẹ yọ síńgílẹ́ẹ̀tì abẹ́. Bí kò bá dín, ẹ tú u pátá. Nígbàkígbà tí iná bá lọ, kí ẹ tó wá tọ́ọ̀ṣì, ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Bí ẹ bá fi tẹmómítà wọn ooru ara rẹ̀ ní abíyá, 36.5 sí 37.5 lórí ìwọ̀n Celsius ló dáa. Bó bá kọjá 37.5, ẹ tú aṣọ, ẹ fún un lọ́mú, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí kò bá wálẹ̀, tàbí bó bá tó 38, ilé ìwòsàn ni. Ẹ má dúró fún oògùn ibà ti kẹ́míìsì. Bó bá wà nísàlẹ̀ 36.5, ẹ tú u sí ìhòòhò, ẹ gbé e sáyà yín, kí ẹ fi aṣọ bo ẹ̀yin méjèèjì. Bí kò bá gòkè, ẹ máa lọ. Ẹ sì ka èémí rẹ̀ nígbà tó bá dákẹ́: bó bá tó 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ẹ tún kà á tí kò yàtọ̀, ẹ má dúró.

Bí ìyá ọkọ bá ní otútù á mú ọmọ, ẹ má bá wọn jà. "Ẹ ṣeun mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ kan ìpàkọ́ rẹ̀ wò." Ọwọ́ tiwọn ló máa sọ fún wọn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ tú u fún oúnjẹ

Aṣọ tó dúró dáadáa lè jẹ́ kí ọmọ sùn kọjá àkókò oúnjẹ, inú ìyá á dùn pé òun rí oorun sùn, ọmọ á sì máa joro. Ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ mu ọmú bí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá láàárín wákàtí 24. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, bó bá ti tó wákàtí mẹ́ta, ẹ jí i. Ẹ tú aṣọ pátá kí ẹ tó fún un. Ọwọ́ tó ń gbé lọ sẹ́nu ni ọmọ fi ń sọ pé ebi ń pa òun kó tó di pé ó ké, bí a bá sì dì í, a ti gba ẹnu rẹ̀. Láti ọjọ́ karùn-ún, ìlédìí tó tọ̀ sí tó mẹ́fà lójúmọ́ ni àmì pé ó ń yó.

Bó bá wà lójúfò, ẹ má wé e. Ẹ jẹ́ kó ju apá jù ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá ń gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ má torí eruku fi ṣọ́ọ̀lù bo ojú rẹ̀ nínú dáńfó. Ẹ jókòó síbi fèrèsé, kí ẹ gbé e mọ́ àyà yín, kí imú rẹ̀ wà síta. Nínú mọ́tò tó ní àga ọmọ, ẹ de bẹ́líìtì mọ́ ara rẹ̀ ná, aṣọ á wá wà lórí bẹ́líìtì.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìgbà tí ẹ máa jáwọ́

Ẹ má ka oṣù nìkan, ọmọ ni kí ẹ máa wò. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i tó gbé ìbàdí sókè tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, lójú oorun tàbí lójúfò, ọjọ́ náà ni wíwé parí. Ẹlòmíràn ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù méjì. Ẹ má sọ pé "ó ku ọ̀sẹ̀ kan."

Bí ẹ bá ti rí i pé oṣù méjì ń súnmọ́, tí kò sì tíì gbìyànjú láti yí, ẹ máa mú un kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀: òru mẹ́ta pẹ̀lú apá ọ̀tún níta, òru mẹ́ta pẹ̀lú apá méjèèjì níta, kí aṣọ yí àyà rẹ̀ ká lábẹ́ abíyá. Òru kìíní á le, á jí lẹ́ẹ̀mejì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, kí ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹ má tan iná. Tó bá fi máa di òru kẹfà, ọ̀pọ̀ wọn á ti máa na apá méjèèjì sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, wọ́n á sì máa sùn bẹ́ẹ̀. Aṣọ náà, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ máa fi gba wàrà tí ọmọ bá pọ̀ sí yín léjìká.